Ìṣẹ́jú Méjìlá ní Yàrá Iriarte

Àbúrò mi ni Anselmo Ledesma. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, mo sì fi ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ kúrò ní Añatuya, ìlú wa ní agbègbè Santiago, wá sí Buenos Aires. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ aṣọ́lé ní àdúgbò Palermo, iṣẹ́ tó ṣe fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ará ilé wa ń sọ pé ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni orí rẹ̀ dàrú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dàrú, èmi Nélida sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé alájà mẹ́sàn-án ni ilé tó ń ṣọ́. Nínú àwọn yàrá tó wà níbẹ̀, mọ́kànlá jẹ́ ti àwọn oníṣègùn ọkàn. Mi ò sọ ọkàn tó ń lù kì-kì láyà o, ọkàn tí èèyàn fi ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ni mò ń wí. Ládùúgbò wa, èèyàn lè má ní dókítà eyín, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń lọ bá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Olùkọ́ ń lọ, awakọ̀ ń lọ, alápatà tó wà nígun títì ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun, obìnrin á jókòó, kò ní tíì kí mi tán tí á fi ní, "Ṣó o gbọ́ ohun tí oníṣègùn mi wí?" Ogún ọdún ni mo fi ń dáhùn pé, "Kí ló wí?" Kò sí èyí tó kàn mí ńbẹ̀.

Anselmo ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Láàárọ̀, á fi rọ́bà omi àti ọṣẹ fọ iwájú ilé dé igun, á wá fi aṣọ nu idẹ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn oníṣègùn sí títí á fi máa dán. Ó máa ń kó bébà ìnujú sápò fún àwọn tó bá ń sunkún jáde. Ó tún mọ àkókò wọn. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ti àwọn ilé yẹn, kò sí ẹni tí í dín in, kò sí ẹni tí í lé e. Bí ọkùnrin ẹlẹ́wù aláwọ̀ ewé bá wọlé ní aago mẹ́ta, Anselmo á gbé omi máté rẹ̀, ewé tí a ń rẹ mu bíi tíì, kaná ní mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú, torí ó mọ̀ pé òun ṣì máa mu ago kan kí òun tó dìde ṣílẹ̀kùn. Ẹnìkan ṣoṣo ló rí tó jáde ṣáájú àkókò láàárín gbogbo ọdún yẹn, ọkùnrin kan tó gbá ìwé mọ́ oníṣègùn rẹ̀ lórí, tí wọ́n sì tì í síta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi àti ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á wọlé pẹ̀lú ojú gbígbẹ, wọ́n á jáde pẹ̀lú ojú tútù, wọ́n á tún sanwó lé e."

"Ìwọ náà lọ sunkún kí wọ́n rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ sunkún sí? Mo nílé, mo níṣẹ́, mo ní yín."

Ó ní mi. Hẹn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa ní Añatuya, kò sí ẹni tó lè máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Ó di pé ká gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ìbéèrè sì dé: ọ̀dọ̀ ta ni? Mo ní yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù mi. Anselmo ní yàrá kan ṣoṣo àti ilé ìdáná, ti aṣọ́lé nísàlẹ̀, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí títì. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, wọn ò bímọ. Mo sọ fún un pé àtẹ̀gùn mi há, pé kò sí bí a ṣe máa gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn gòkè. Òótọ́ ni, àtẹ̀gùn mi há. Òótọ́ ọ̀hún ni mo fi bora sùn fún ọdún mẹ́ta.

"Kò burú," ni Anselmo wí. "Ẹ jẹ́ ó wà lọ́dọ̀ mi."

Mo máa ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Màá gbé oúnjẹ dání, màá gé irun Bàbá, màá gé èékánná rẹ̀, màá fẹnu kò ó níwájú orí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, Anselmo ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti kú, ọwọ́ kan ti kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kú. Bó bá fẹ́ omi, á pariwo orúkọ Anselmo. Bí irọ̀rí bá yẹ̀, á pariwo. Gbogbo ilé ló gbọ́ orúkọ àbúrò mi débi pé àwọn ọmọ àjà kẹta ń sín in jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kọkànlá, ó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ti lọ." Ohùn rẹ̀ gbẹ. A sin ín sí itẹ́ òkú Chacarita. Mo sunkún débi tí mi ò rọ́nà, Anselmo dúró tì mí, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, kò sì da omi lójú. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin ni, pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Láti ìgbà náà ni kò ti lè sun inú yàrá yẹn mọ́. Mo bá a lọ́jọ́ Àìkú kan tó jókòó sórí àga ní yàrá abẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ibẹ̀ ló ti ń fojú rẹjú. Lẹ́tà ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran sísun tó fẹ́ràn, á gé e wẹ́wẹ́, á sì fi sílẹ̀. Iwájú ilé tó ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta, mẹ́rin. Àwọn àgbàlagbà inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé ilẹ̀ ń yọ̀, pé àwọn fẹ́ ṣubú.

Mo ní, "Anselmo, lọ bá ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ẹ wọ̀nyẹn."

"Àwọn wo?"

"Mọ́kànlá ló wà lórí ẹ, o tún ń bi mí pé àwọn wo."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Wo ọrùn ẹ, ó ti dà bí ti tòlótòló. O fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ìyáàfin Zajdel ti àjà kẹrin ló kọ́kọ́ lọ bá. Obìnrin dáadáa ni, bó bá ti ìsinmi etí òkun dé, ó máa ń mú ṣokoléètì bọ̀ fún un. Ó sọ fún un pé òun ò lè gbà á torí ojoojúmọ́ làwọn ń ríra lẹ́nu ọ̀nà, pé iṣẹ́ àwọn kò gba bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ orúkọ ẹnìkan fún un, Iriarte, ọkùnrin, ní àdúgbò Almagro, tó máa dín owó rẹ̀ kù fún un. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bá àdéhùn sí, aago mẹ́ta ọ̀sán, torí àkókò yẹn ni àwọn aṣọ́lé ń sinmi, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè pé ibo ló lọ.

Àwàdà gbáà ni fún mi níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀, á gba ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, màá gbé àga fún un, màá fún un ní máté.

"Kí ló sọ lónìí?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Fún odidi àádọ́ta ìṣẹ́jú?"

"Ó ní 'hẹn'."

"Hẹn mélòó?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́. Hẹn rẹ̀ dáa. Kì í ṣe bíi tiyín."

"Kí lo wá ń sọ fún un?"

"Ọ̀rọ̀ idẹ. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo sọ fún un nípa ìyá àgbà àjà kejì tó ń ju eegun sílẹ̀ láti fèrèsé."

Mo rẹ́rìn-ín títí síṣọ́ọ̀sì fi fẹ́ gé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara rẹ̀ ń wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó jẹ odindi àwo núdù níwájú mi. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó ní òun sun orí bẹ́ẹ̀dì lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé òun ò jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú mi dùn, èmi tí mo ń bú wọn.

Lọ́sẹ̀ keje, ó jókòó sórí àga mi, kò mu máté. Mo ń po aró irun lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún un. Ó ti dé ètè mi báyìí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá sọ ọ́, bí ayé bá fẹ́ kó parẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo rò pé màá lè wà láàyè."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

Ó mi orí.

"Sọ fún mi. Ta lo ní tó jù mí lọ?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ò lè gbọ́ ọ."

Mo jowú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n kiri ní Añatuya, tí mo tọ́jú owó ọkọ̀ tó fi wá sí ìlú yìí, àlejò kan tí ń pe "hẹn" ní Almagro ló fẹ́ kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún. Mo sọ fún un pé kò burú, kí ó lọ sọ fún oníhẹn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kẹjọ dé. Ó máa ń kọjá lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́rin àbọ̀. Lọ́jọ́ náà, mẹ́ta kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé. Oníbàárà méjì wà níjòókòó. Ojú rẹ̀ funfun. Mo fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo jáde sí i.

"Kí ló dé?"

"Ó lé mi."

"Ta ló lé ọ?"

"Iriarte. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ́ tán, ó dìde. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní ká dúró síbẹ̀ fún tòní. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ̀gbọ́n."

"O bú u ni?"

"Mi ò bú u."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó. Mo kàn sọ̀rọ̀ ni."

Ó wo mí bí ẹni pé mo máa mọ ìdí rẹ̀. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ohun tó ń bí mi nínú ju kí olówó ti ọmọ ìyá mi síta lọ. Mo ní, "Mo wí fún ọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ sinmi létí òkun ni wọ́n lè gbọ́. Ọmọ Santiago tí ń fọ ilẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá ló tó fún un. Má padà débẹ̀ mọ́. Ṣó o gbọ́? Bí mo bá gbọ́ pé o padà lọ, èmi àti ìwọ ni."

"Kò jọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ náà ló tóbi ju etí lọ. Òun gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè gbà á."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

Ó rìn lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé empanada, tó dà bíi mítípáì, dání, mo lọ jókòó tì í láago mẹ́ta kó má baà lọ. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ gọ́tà. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Mo gbé e.

Ohùn ọkùnrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ káàsán. Iriarte ni. Mò ń retí Anselmo."

"Ẹ retí títí. Kò wá mọ́."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara ẹ̀ ì bá le ká ní kò mọ̀ yín. Ẹ fi wákàtí yín sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ ò nítìjú."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì wà níbí. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta."

Mo pa fóònù náà. Anselmo yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Àwọn tó ń ta íńṣọ́ránsì," ni mo wí, mo sì bu empanada fún un.

Oṣù mẹ́ta ni ó fi dojú ilẹ̀. Kò sunkún, kò jà, kò mutí. Ó kàn ń fọ iwájú ilé ni. Á fọ̀ ọ́ láàárọ̀, á fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, á fọ̀ ọ́ nígbà tí òjò ń rọ̀, á dé iwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà, á padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà àjà kejì yọ̀ ṣubú, itan rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn onílé ṣèpàdé. Ìyáàfin Zajdel nìkan ló dìde sọ pé ọkùnrin yìí ń ṣàìsàn, wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n egungun àwọn làwọn ń dáàbò bò. Wọ́n dá a dúró ní òpin oṣù mẹ́ta náà, ilé sì bá iṣẹ́ lọ. Mo ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Ó wo ojú mi, ó ní, "Àtẹ̀gùn yín há, ẹ̀gbọ́n." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó wọ ọkọ̀ padà sí Añatuya, sínú ilé Bàbá tí a ti tì pa.

Ó ti lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà kí Noemí tó wá ṣe irun. Oníbàárà mi àtijọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo ń fi róólà yí irun rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú dígí.

"Nélida, oníṣègùn mi gé mi kúrú lánàá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé."

"Ó gé ọ kúrú bí i ti báwo?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sọ, ọ̀rọ̀ lásán, mo bá ní mo máa ń ṣe bíi pé mo fẹ́ kí ó ṣàìsàn. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Obìnrin yẹn dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní ká dúró síbẹ̀."

Mo di róólà náà mú lórí rẹ̀. "Ó lé ọ."

"Lé mi bí i ti báwo? Ọ̀nà wọn nìyẹn, àwọn tí ń ṣe irú tirẹ̀. Bó o bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀, wọ́n á gé e níbẹ̀, kó o má baà tún fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Wàá gbé e lọ sílé, wàá rò ó, wàá gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? O ń fà mí nírun o."

Mi ò rántí bí mo ṣe parí irun yẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo lọ sí Almagro. Iriarte tìkára rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin kúkúrú, bàtà rẹ̀ ti gbó. Olówó tí mo ti ń bú láti ọdún kan nìyẹn. Mo sọ orúkọ mi. Ó ní òun ò lè sọ ohun tí Anselmo sọ fún òun, fún ẹnikẹ́ni.

"Mi ò bi yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lé e."

"Lé e?" Ó jókòó. "Oṣù méjì ni mi ò fi ẹnikẹ́ni sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, òun ló gbé wá láti ọjọ́ kìíní. Mo dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Mo rò pé ó mọ̀. Gbogbo èèyàn níbí ló mọ̀."

Gbogbo èèyàn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Anselmo fi ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó mú un wọ inú yàrá lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo fẹ́ bú Iriarte, àmọ́ mo rántí fóònù orí tábìlì àti ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ sínú rẹ̀. Ẹyin lohùn. Mo dìde, mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì Añatuya.

Ó lé ní wákàtí mẹ́wàá kí ọkọ̀ náà tó débẹ̀. Mo bá a lábẹ́ igi algarrobo tó wà ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá, ó ń tún àga ṣe. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ìṣó kan kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó gba báàgì mi, ó po máté fún mi. Mi ò lè mu ún. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà, mo bá dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sọ ohun tí Noemí sọ. Mo sọ ohun tí Iriarte sọ. Mo ní, "Kò lé ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ ló tóbi, torí ẹ̀ ló ṣe dúró. Ó ń retí ẹ." Mo wá sọ ti fóònù. Mo ní èmi ni mo gbé e, mo sì purọ́ fún un.

Ewúrẹ́ kan wá fi imú wá nǹkan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tì í kúrò.

"Ó ní àyè mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Nígbà yẹn. Oṣù méjì ló fi dá a sí."

"Oṣù méjì." Ó gbé máté tí mi ò mu, ó mu ún tán. "Mo rò pé mo burú débi tí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ò lè jókòó tì mí. Ìyẹn ni mo gbé wá síbí, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbọ́ ni, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ."

Mo ní, "Sọ ọ́. Mo wà níbí."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá ń pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo wà níta, mo ti da ọṣẹ sílẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé mo mọ gbogbo ohùn rẹ̀, ti omi, ti ìgbẹ́, ti irọ̀rí. Èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń pè mí bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun. Ó pè mí léraléra. Mo fọ ilẹ̀ náà dé iwájú alápatà. Mo da omi sí i. Mo ká rọ́bà, mo gbé e kọ́. Mo gbọ́ nígbà tó dákẹ́. Ìgbà náà ni mo wọlé."

"Kí ló fà á?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́."

"Ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ fọ ilẹ̀ kan tán kí ẹnikẹ́ni tó pè mí."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀nà jíjìn yẹn ni mo rìn nítorí rẹ̀. Ó yẹ kí n ní, èmi ni mo gbé gbogbo ẹrù náà lé ọ lọ́wọ́, ọjọ́ Àìkú ni mo ń wá, mo fi àtẹ̀gùn ṣàwáwí. Ó yẹ kí n tiẹ̀ pe "hẹn" lásán, ká jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ni mo ń gbọ́, ohùn Bàbá mi lójú fèrèsé, mo sì kórìíra Anselmo. Mo kórìíra ara mi jù ú lọ, àmọ́ òun ló wà níwájú mi.

Mo dìde. Mo gbé báàgì mi.

Ó gbójú sókè wàyí. Ó wo báàgì náà, ó wo mí. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Bàbá mi ni, Anselmo."

"Mo mọ̀."

Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọkọ̀ Buenos Aires kò ní gbéra títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì jókòó sí gáréèjì fún wákàtí márùn-ún. Títì mẹ́fà péré ló wà láàárín gáréèjì àti ilé Bàbá. Mo kà wọ́n lọ́kàn mi, mo kà wọ́n padà. Mo ní bí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì yẹn bá ti tà tán, màá dìde padà. Ó tà tán. Mo ní bí mo bá ti mu omi tán. Nígbà tí ọkọ̀ dé, mo wọ̀ ọ́.

Ọdún kejì rèé. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé ó ṣì wà níbẹ̀, pé kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pé bí wọ́n bá kí i, á dá wọn lóhùn, á sì wọlé. Èmi ni ẹni kejì tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnì kẹta.